Iná Ọkọ̀ Ń Ṣẹ́jú Bí Béèsì Bá Ti Wọlé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìṣòro kan náà ni àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé. Tí orin bá rọra ń lọ nínú ọkọ̀, kò séwu. Ṣùgbọ́n bí béèsì bá ti wọlé, iná iwájú á ṣe bàìbàì, ampilifáyà (ẹ̀rọ tó ń fún orin lágbára kó tó dé wúfà, gbohùngbohùn béèsì) á kú, á sì tún jí. Kí ẹnikẹ́ni tó náwó lé e lórí, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ibi tí iná náà ti ń sọnù. Yálà ọ̀tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná, kò pèsè iná tó, tàbí ó pèsè tó ṣùgbọ́n wáyà ń jẹ ẹ́ mọ́nà.

Ìbéèrè: Corolla ni mo ń gùn. Láti ìgbà tí mo ti so ampilifáyà wáàtì 1,000 àti wúfà méjì mọ́ ọn ni iná iwájú ti ń ṣẹ́jú bí béèsì bá ń lù. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ampilifáyà kì í dá agbára sílẹ̀ fúnra rẹ̀, láti inú iná ọkọ̀ ló ti ń fà á. Bí tiyín bá ń gbé wáàtì 1,000 jáde ní tòótọ́, tó sì jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Class D, èyí tí kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, yóò máa fa nǹkan bí áńpù 90 nígbà tí béèsì bá le jù. Bó bá jẹ́ Class AB, tó ń sọ ìpín tó pọ̀ nínú iná di ooru lásán, ó lè fa áńpù 120. Ẹ wá fi èyí wé ọ̀tánétọ̀ ọkọ̀ kékeré, tí ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín áńpù 70 sí 100, tí kò sì lè gbé gbogbo rẹ̀ jáde àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré dáadáa. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀jọ́ta, agbára rẹ̀ á ti wálẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, pọ́ǹpù epo, fáànù rédíétọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù àti iná iwájú ń jẹ tiwọn nínú rẹ̀. Bátìrì ni yóò wá dí àlàfo tó bá kù. Bátìrì tó kún dáadáa kì í ju nǹkan bí fóltì 12.6 lọ nígbà tí ọkọ̀ bá sinmi, ọ̀tánétọ̀ ló sì máa ń gbé e dé 13.8 sí 14.4. Nítorí náà, gbàrà tí ẹrù bá ti bọ́ sọ́rùn bátìrì, fóltì á já wálẹ̀, òun sì ni ojú yín ń rí lára iná tó ń ṣẹ́jú.

Ẹ má sì gba iye wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́. Ẹ wo fúùsì tó wà lára ampilifáyà fúnra rẹ̀: èyí tó ní fúùsì áńpù 30 kan ṣoṣo kò lè gbé wáàtì 1,000 jáde láìdáwọ́ dúró, ohun yòówù kí páálí sọ.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ọ̀tánétọ̀ ni tàbí wáyà?

Ìdáhùn: Mítà kékeré tí àwọn riwáyà fi ń wọn iná ti tó fún un. Ẹ yí i sí DC, ní ibi fóltì 20. Ẹ kọ́kọ́ wọn bátìrì láàárọ̀ kí ẹ tó ṣíná ọkọ̀. Bó bá wà ní 12.2, bátìrì náà kò ju ìdajì lọ, ẹ gbọ́dọ̀ fi iná kún un kí ẹ tó máa bá àyẹ̀wò lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣíná, ẹ pa orin, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí kò bá pé 13.5, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kan orin rárá: ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ń yọ̀, tàbí pé káábọ̀nù inú ọ̀tánétọ̀ ti jẹ tán. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun kan ẹ̀wẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù láti tọ́jú epo.

Bí gbogbo èyí bá dára, ẹ tan orin kí béèsì le, kí ẹnìkan sì tẹ tọ́tù díẹ̀. Ẹ wọn orí bátìrì, kí ẹ sì wọn ojú ibi tí wáyà ti wọ ampilifáyà ní búùtù. Bí bátìrì fúnra rẹ̀ bá ń bọ́ sílẹ̀ ju 12.6 lọ, ọ̀tánétọ̀ ni kò tó. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá dúró ní 13.6 tí ampilifáyà sì ń rí 12.3 péré, wáyà ló ń jẹ èyí tó kù.

Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù lọ ni èyí tó ń fi iye tí wáyà jẹ hàn ní tààràtà. Ẹ gbé ẹnu mítà kan lé orí bátìrì níbi pósítíìfù, lórí òjé gan-an, kì í ṣe lórí irin tó dì í mú. Ẹ gbé èkejì lé pósítíìfù ampilifáyà. Ẹ lè fi wáyà tín-ín-rín gígùn kan mú ẹnu mítà dé búùtù, nítorí iná tó ń gba inú mítà kò tó nǹkan. Iye tó bá jáde nígbà tí béèsì ń lù ni ohun tó sọnù sọ́nà. Ẹ ṣe bákan náà fún négétíìfù. Bí àpapọ̀ méjèèjì bá ju fóltì 0.5 lọ, ẹ wá àbùkù náà síbẹ̀.

Ìbéèrè: Wáyà tí wọ́n fi ṣe tèmi nípọn dáadáa. Ṣé ó ṣì lè jẹ́ òun?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ òun, nítorí pé nínú wáyà mìíràn, rọ́bà ló nípọn, bàbà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni wáyà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Ẹ bó orí rẹ̀, ẹ mú fọ́nrán kan, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha á. Bí inú rẹ̀ bá funfun bíi fàdákà, kì í ṣe bàbà pátápátá, agbára rẹ̀ láti gbé iná kò sì ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bàbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi wáyà bàbà gidi tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16 ṣe ìṣirò, láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé búùtù, kí áńpù 100 máa gbà á kọjá. Wáyà nọ́ńbà 8 yóò jẹ odindi fóltì 1 (bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni wáyà ń nípọn sí i, 1/0 ló sì nípọn jù nínú àwọn mẹ́ta yìí). Nọ́ńbà 4 yóò jẹ 0.4, nọ́ńbà 1/0 kò ní jẹ ju 0.16 lọ.

Ẹ̀gbẹ́ négétíìfù ni wọ́n sábà máa ń ṣe ní ṣákálá. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi di wáyà áàtì mọ́ ara ọkọ̀ ní búùtù. Bí ẹ bá rí ọ̀dà lábẹ́ rẹ̀, tàbí irin tó ti dógùn-ún, ẹ ha á títí irin yóò fi máa dán, ẹ dì í padà kó le, kí ẹ sì fi gírísì bo orí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi wáyà nínípọn kún mẹ́ta mìíràn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: láti ọ̀tánétọ̀ sí pósítíìfù bátìrì (kí fúùsì wà lára rẹ̀), láti négétíìfù bátìrì sí ara ọkọ̀, àti láti ara ẹ́ńjìnnì sí ara ọkọ̀. Wáyà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi síbẹ̀ kò ro ti wúfà mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ṣe é.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n ra kapásítọ̀ farad 1, ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́ fún ampilifáyà. Ṣé yóò tó?

Ìdáhùn: Kò ní tó. Bí fóltì bá já láti 14 sí 12.5, agbára tí kapásítọ̀ náà lè tú sílẹ̀ kò ju júùlù 20 lọ, ampilifáyà wáàtì 1,000 yóò sì jẹ ẹ́ tán láàárín ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀tánétọ̀ kan náà ló tún máa kún un padà. Ẹ fi owó náà ra wáyà.

Ìbéèrè: Mo ti tún gbogbo wáyà ṣe, bátìrì ṣì ń bọ́ sílẹ̀. Kí ló kù?

Ìdáhùn: Ọ̀tánétọ̀ tó tóbi jù ú lọ ló kù. Bí ẹ bá fẹ́ ra tokunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, ẹ rí i pé ihò bóòtù àti púlì rẹ̀ bá ẹ́ńjìnnì yín mu, kí ẹ sì ní kí wọ́n dán an wò lójú yín kí ẹ tó sanwó. Bátìrì kejì ní búùtù máa ń ran béèsì tó ń lù fún ìgbà díẹ̀ lọ́wọ́, ó sì dára fún ẹni tó ń gbọ́ orin nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ọ̀tánétọ̀, torí òun náà nílò ẹni tí yóò kún un. Irú tí wọ́n dí pa, tí wọ́n ń pè ní AGM, ni kí ẹ lò níbẹ̀. Gáàsì tó ń jáde lára bátìrì olómi kò yẹ níbi tí èèyàn jókòó sí.

Kí owó tó dé, ẹ dín béèsì kù ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3. Etí kò fi bẹ́ẹ̀ ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìdajì ni agbára tí ampilifáyà nílò yóò já sí.

Ìbéèrè: Riwáyà kan ní ká yọ fúùsì nítorí ó ń já, ó sì ń tú orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán ọ̀tánétọ̀ wò. Ṣé ó dára?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà fún un, yálà èkíní tàbí èkejì. Bí orí bátìrì bá tú nígbà tí ọ̀tánétọ̀ ń pèsè iná, fóltì lè fò sókè lójijì ju 40 lọ, kó sì ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́. Ní ti fúùsì, wáyà ló ń dáàbò bò, kì í ṣe ampilifáyà. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí bátìrì, kí iye rẹ̀ má sì ju ohun tí wáyà náà lè gbé lọ. Bó bá ń já, ẹ tọpa wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pàápàá níbi ihò irin tó ti wọ inú ọkọ̀ láti ibi ẹ́ńjìnnì: bí kò bá sí rọ́bà lẹ́nu ihò náà, irin á ti máa gé ara wáyà, bátìrì tí kò sì ní fúùsì lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù síbẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi gbiná.