Kátíríjì kò wọlé, kò jáde, kò dún: bí a ṣe ń wá àléébù ìbọn ọdẹ

Ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí à ń ṣẹ́ láàrin kò ní iṣẹ́ púpọ̀ nínú. Kò dà bí ìbọn ìléwọ́ tí sípíríǹgì ń ti ọta wọlé fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ọdẹ ló ń fi kátíríjì sí i, ọwọ́ ọdẹ náà ló ń yọ ọ́. Síbẹ̀, láti Ìtókín títí dé Ẹ̀jìnrìn ní ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́, ohun mẹ́ta lọdẹ máa ń kígbe lé lórí. Kátíríjì kò wọlé tán kí ìbọn lè pa dé. Ó wọlé, ó dún, kò jáde mọ́. Ó wọlé, a fa ìbọn, kò dún. Sípíríǹgì ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ fura sí, tàbí kí wọ́n ní ayé ló di ìbọn náà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ kátíríjì fúnra rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ihò tó ń jókòó sí, lẹ́yìn náà irin tó ń fà á yọ. Ibẹ̀ ni àléébù máa ń wà jù, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ká tú inú ìbọn.

Kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun, ẹ ṣẹ́ ìbọn, ẹ yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi ojú wo ihò kọ̀ọ̀kan láti ìdí títí ẹ ó fi rí ìmọ́lẹ̀ ní òdìkejì. Ẹ kó kátíríjì tó ṣì ní ẹ̀mí kúrò níbi tí ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ó má ṣe wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú àkísà àti epo. Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn: Òfin Ìbọn ti 1959 fi ìbọn ìléwọ́ sára àwọn tó jẹ́ pé Ààrẹ nìkan ló lè fúnni ní àṣẹ rẹ̀, ìbọn ọdẹ oníkátíríjì náà kò sì gbọdọ̀ wà nílé láìsí ìwé àṣẹ. Àtúnṣe tó bá ju ìnùmọ́ lọ, ẹni tó ní àṣẹ àtúnṣe ìbọn ni kí ẹ gbé e fún.

Kátíríjì tí kò wọlé

Ẹ wo nọ́ńbà kí ẹ tó wo ohun mìíràn. Ẹ yọ igi abẹ́ ọ̀pá ìbọn, ẹ yọ ọ̀pá kúrò lára ìdí, kí ẹ dojú rẹ̀ dé. Lábẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: 12 tàbí 20 ni ìwọ̀n ihò, 65, 70 tàbí 76 sì ni gígùn ìjókòó kátíríjì ní mìlímítà. Lára ìbọn mìíràn, íǹṣì ni wọ́n fi kọ ọ́: 2½ ni 65, 2¾ ni 70, 3 ni 76.

Ibí yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Gígùn tí wọ́n kọ sára páálí kátíríjì, gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dún, tí ẹnu rẹ̀ tó ká pọ̀ ti ṣí, ni. Èyí tí wọ́n pè ní 70, tí ẹ bá fi rúlà wọ̀n ọ́ ní tuntun, kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí 76 fi ń wọ ìbọn 70 wẹ́rẹ́, tí ìbọn sì ń pa dé bí ẹni pé kò sí nǹkan. Nígbà tó bá dún, ẹnu kátíríjì kò rí àyè ṣí, ó ń ká mọ́ ibi tí ihò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún, agbára ẹtù á sì ga kọjá ohun tí wọ́n ṣe ìbọn náà fún. Bó bá ṣàánú yín, òfìfo rẹ̀, ìyẹn kátíríjì tó ti dún, á há. Bí kò bá ṣàánú yín, ọ̀pá ìbọn á wú. Kátíríjì tó kúrú ju ìjókòó rẹ̀ lọ kò léwu. Èyí tó gùn jù ú lọ ni kí ẹ má fi sí i láé.

Ewu 20 nínú ìbọn 12 tún burú ju ìyẹn lọ. Kátíríjì 20 tín-ín-rín, nítorí náà yóò yọ́ kọjá ìjókòó, yóò sì há síwájú níbi tí ihò ti fún. Ọdẹ á wo ìdí ìbọn, á rí i pé ó ṣófo, á rò pé òun kò tíì fi nǹkan sí i, á ti 12 bọ̀ ọ́. Bó bá fà á, ọ̀pá á ya lójú ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń fi àwọ̀ yẹ́lò mọ 20 yàtọ̀, ṣùgbọ́n ní òru, àwọ̀ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí 12 àti 20 má ṣe bá ara wọn nínú àpò kan.

Bí nọ́ńbà bá bára mu, tí kátíríjì kò sì tíì wọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti wú ni. Oníbébà ń mu omi, àgàgà láàrin oṣù kẹrin sí oṣù keje tí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ kì í gbẹ. Oníke kì í wú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń fẹ̀, ara rẹ̀ sì ń tẹ̀ bí ó bá wà nísàlẹ̀ àpò lábẹ́ àdá. Ọ̀nà tó yára jù láti mọ̀ ọ́n: ẹ mú ọ̀pá tí ẹ ti yọ kúrò lára ìbọn, ẹ dojú ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí kátíríjì kọ̀ọ̀kan rọ̀ wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó dára á lọ tààrà, á dún kọ́ nígbà tí etí idẹ rẹ̀ bá jókòó, etí náà á sì dọ́gba pẹ̀lú irin. Ẹ yí ọ̀pá padà, á tún yọ jáde sọ́wọ́ yín. Èyí tó bá dúró lójú ọ̀nà, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ẹ má fi àtàǹpàkò tì í, ẹ má sì fi agbára pa ìbọn dé mọ́ ọn. Ẹ má sá a sórí páànù, ẹ má gbé e sẹ́bàá iná, ẹ má sì fi ọ̀bẹ họ bébà rẹ̀ kó lè tín-ín-rín.

Bí kátíríjì bá yege nínú ìdánwò yìí, tí ìbọn kò sì fẹ́ pa dé, ẹ wo irin ìfàyọ, irin róbótó ẹ̀gbẹ́ ìjókòó tó ń gbé etí kátíríjì sókè nígbà tí a bá ṣẹ́ ìbọn. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó yẹ kó dọ́gba pẹ̀lú ìdí ọ̀pá pátápátá. Bó bá yọrí sókè díẹ̀, kódà bí èékánná, yanrìn tàbí ẹtù tí kò jóná tán ti wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí kátíríjì jókòó dáadáa. Ẹ fi àkísà wé orí ọwọ̀ ìgbálẹ̀, ẹ rì í bọ kẹrosíìnì, kí ẹ máa fi fọ ẹ̀yìn irin náà bí ẹ ti ń tì í wọlé tí ẹ ń fà á jáde. Bó bá di dandan kí ẹ tú ìdè rẹ̀ lábẹ́ ọ̀pá, kí ẹnu ìtúdè tí ẹ ó lò bá ojú ìdè náà mu rẹ́gí, nítorí ìdè tí orí rẹ̀ bá ti jẹ kò ṣeé tú mọ́.

Èyí tó dún tí kò jáde

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí etí kátíríjì wà. Bí irin ìfàyọ bá ti jáde tí etí sì wà lábẹ́ rẹ̀, kátíríjì kò há, ó kàn yọ́ bọ́ lọ́wọ́ irin ni. Ẹ fi èékánná yọ etí rẹ̀. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, ìkọ́ irin náà ti jẹ nìyẹn, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn ló kù.

Bó bá há lóòótọ́, tó sì jẹ́ òfìfo, ẹ ti igi líle tó tín-ín-rín díẹ̀ ju ihò lọ bọ ẹnu ìbọn, kí ẹ fi gbá a jáde. Ihò 12 tó nǹkan bíi mìlímítà 18 àbọ̀. Igi mìlímítà 16 tó. Kì í ṣe irin. Bó bá jẹ́ pé kò tíì dún ni, ẹ má gún un rárá. Ẹ yọ ọ̀pá kúrò lára ìdí, kí ohun tó lè gún kápù rẹ̀ (irin róbótó kékeré tó ń gbaná ní ìdí kátíríjì) má sí nítòsí, kí ẹ gbé ọ̀pá náà lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Òfìfo náà á sọ ìdí tó fi há. Ẹ yí i lábẹ́ oòrùn. Bí ẹ bá rí àwọn kókó kéékèèké lára idẹ rẹ̀, tí wọ́n dà bí ìléròrò, ìpẹtà ti jẹ ihò sínú ìjókòó, idẹ sì ti wú wọ inú àwọn ihò náà. Bí ara rẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé òòfà sí ẹ̀gbẹ́ idẹ rẹ̀. Idẹ gidi kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Bó bá lẹ̀, irin tí wọ́n fi idẹ pa lára ni. Irin bẹ́ẹ̀ kì í sún kì padà bí idẹ lẹ́yìn ìbúgbàù, ó sì máa ń há nínú ìbọn tí ìjókòó rẹ̀ ti ń jẹ. Nígbà mìíràn, ẹ yí irú kátíríjì padà, wàhálà á tán.

Láti fọ ìjókòó, búrọ́ọ̀ṣì onídẹ tó tóbi díẹ̀ jù ihò lọ àti kẹrosíìnì ló dára. Bí ìpẹtà bá ti mú un, ẹ wé irun irin tó rọ̀ jù lọ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì tó ti gbó, kí ẹ yí i ní ìgbà díẹ̀. Sáńpépà kò dára. Ó ń mú ìjókòó fẹ̀, òfìfo á sì túbọ̀ máa há. Lẹ́yìn náà ẹ nu epo kúrò pátápátá kí ẹ tó yìnbọn: nínú ìjókòó tó kún fún epo, kátíríjì kò rí ohun dì mú, gbogbo agbára rẹ̀ á sì máa ti ìdí ìbọn.

Èyí tí kò dún

Ẹ má ṣẹ́ ìbọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 30, nítorí kápù mìíràn ń pẹ́ kó tó gbaná. Ẹ wá ṣẹ́ ẹ, kí ojú yín má wà lẹ́yìn ìdí rẹ̀.

Kí ẹ tó sọ pé wọ́n di ìbọn, ẹ wo kápù. Bí àpá ara rẹ̀ bá jinlẹ̀ dáadáa láàrin gbùngbùn, ìbọn ti ṣe tirẹ̀, kátíríjì ló ti bàjẹ́. Bí ojú àpá bá fẹ́lẹ́ bí ẹni fi èékánná tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ ìbọn, irin tó ń lu kápù, kò dé ibẹ̀ pẹ̀lú agbára. Bí kò bá sí àpá rárá, abẹ́rẹ́ ti kán, tàbí ìbọn kò pa dé tán. Bí àpá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí ìbọn ti ń ṣẹ́ ti gbó. Nínú ẹlẹ́nu méjì, ẹ máa sàmì ihò tí kò dún: bó bá jẹ́ ọ̀tún nìkan nígbà gbogbo, ìbọn ni, bó bá ń kan méjèèjì pẹ̀lú páálí kátíríjì kan náà, páálí náà ni.

Àpá tó fẹ́lẹ́ kì í sábà wá láti ara sípíríǹgì. Epo tó ti dì ló máa ń fà á. Àdí àti epo pupa dára fún ara, kò dára fún ìbọn. Wọ́n ń dì, wọ́n ń kó eruku, abẹ́rẹ́ á sì máa rìn bí ẹni tó wọ ẹrẹ̀. Ẹ dojú ihò abẹ́rẹ́ kọ ilẹ̀, kí ìdọ̀tí lè sàn jáde, kó má sàn wọ igi ìdí. Ẹ kán kẹrosíìnì sí i, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ẹyọ kan péré. Bí abẹ́rẹ́ bá kán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípòókù kẹ̀kẹ́ tàbí ìṣó rọ́pò rẹ̀. Orí tó mú máa ń dá kápù lu, iná á sì fẹ́ wá sójú.

Bó bá wá dún bí ẹni tú ìdérí ìgò, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ta èjìká, ẹ dúró. Ẹ ṣẹ́ ìbọn, ẹ wo ihò látòkè délẹ̀. Ike tó ń ti ọta jáde lè ti há sí àárín, kátíríjì tó bá tẹ̀ lé e ni yóò fọ́ ọ̀pá.

Ìgbà òjò, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke tó ní ìdérí ni kátíríjì yẹ kó wà, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Kì í ṣe nínú bẹ́líìtì awọ. Awọ ń mú idẹ hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ẹ má ju àwọn tí ẹ yà sọ́tọ̀ síná, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹtù inú wọn sínú ṣakabùlà. Ẹtù dúdú ni wọ́n ṣe ṣakabùlà fún. Èyí tó wà nínú kátíríjì kì í rú èéfín púpọ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹtù dúdú lọ fíìfíì, ìwọ̀n tó dà bíi díẹ̀ lójú sì tó láti ya ṣakabùlà sí méjì. Ẹ kó wọn sínú agolo ọ̀tọ̀, kí ẹ fi lé ọlọ́pàá tó ń mójú tó ìwé àṣẹ yín lọ́wọ́.