Chuck dírìlì mi ń já bọ́, kí ni kí n ṣe sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ṣáàfù ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún gaàrí ni mo ń ṣe jù. Dírìlì onídùúró mi, MT2 (ìwọ̀n tépà Morse nọ́ńbà kejì) ni ihò ẹ̀, tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́ wọlé ó ń lu irin dáadáa, àmọ́ tí n bá ti ń fà á padà sókè báyìí, chuck, ẹnu tó ń di bíìtì mú yẹn, á kàn já bọ́ tòun ti tépà ẹ̀, irin orí ẹ̀ tó ń tín-ín-rín lọ tó máa ń há sínú ihò. Mo ti fi hámà gbá a títí ó ti sú mi.

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé hámà yẹn sílẹ̀ ná. Ara tó lẹ̀ mọ́ ara ló ń di tépà mú. Tí ẹ bá wọn MT2 yẹn, nínú gígùn 20 mm, fífẹ̀ ẹ̀ á ti dín ní nǹkan bíi 1 mm, ó ń tín-ín-rín lọ díẹ̀díẹ̀ báyẹn ló ṣe ń há, àmọ́ àfi tó bá kan ara ihò yíká láti òkè dé ìsàlẹ̀ o. Ọ́ìlì díẹ̀ péré tàbí èérún irin kan, kò ní dì mú mọ́. Ẹ yọ wáyà lára iná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, mo bẹ̀ yín, ẹ wé àkísà mọ́ igi, ẹ fi kẹrosíìnì fọ inú ihò yẹn, ẹ nù ún gbẹ táútáú, kẹ́ ẹ wá ki ọmọńdinrín bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ rọra fi yí i ká. Nínú tèmi, nǹkan kan gún mi lọ́wọ́ níbẹ̀ bí egungun ẹja, ibi tí tépà kan ti yí nínú ẹ̀ tó sì họ ọ́ ni. Reamer MT2, irin eléyín tí wọ́n fi ń tún inú ihò ṣe, ni mo fọwọ́ yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ibi tó yọ gọnbu yẹn nìkan ni mo gé. Lẹ́yìn náà ẹ fi máákà fa ìlà mẹ́ta sí tépà lára lóòró, ẹ tì í wọlé, ẹ yí i díẹ̀, ẹ yọ ọ́ wò. Tí ìlà bá pa jálẹ̀, ó ti dáa. Tó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ló pa, wọn ò bára mu nìyẹn, ẹ wá tépà míì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kì í padà, ẹ ká eyín chuck wọnú pátápátá, ẹ fi pákó tì í nídìí, ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan gbọingbọin, ó tó.

Ìbéèrè: Ṣé irin pélébé orí tépà yẹn kọ́ ló ń dì í mú ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ibẹ̀ lẹ máa ń ti irin sí tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé e jáde.

Ìbéèrè: Oníbàárà kan gbé ṣáàfù púlì sọ́míìlì wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ó fẹ́ kí n fi cutter, irin eléyín tó ń gé irin, la ojú key sí i, ìyẹn kòtò tóóró tí irin tó ń so púlì mọ́ ṣáàfù máa ń jókòó sí. Ṣé mo lè fi chuck yẹn náà ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò! Cutter ń gbá a sọ́tùn-ún sósì, ìjìgìjìgì yẹn á sì tú tépà. Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, cutter já bọ́ ó ṣì ń yí, ó gbá tábìlì, ó fò gba ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀gá mi kọjá. Inú ẹ̀rọ milling ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, èyí tó ní bóòtù gígùn tó ti òkè spindle, ọ̀pá tó ń yí cutter, wá fa tépà mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ tú bóòtù yẹn yíyí kan tàbí méjì péré, ẹ má yọ ọ́ tán, ẹ fi hámà bàbà kan án lórí, ó máa tú, ẹ fọwọ́ kan gbé tépà dání nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ wá tú èyí tó kù.