Ẹ má gbàgbé domain (àwọn nọ́ńbà tí x lè jẹ́) tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máàkì math: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ìbéèrè math sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọmọ bá ń pariwo pé "Ọ̀gá, mo gbà á o, kọ̀ǹpútà ló ní mo féèlì", ẹ má tíì pè é lónírọ́. Kì í ṣe JAMB tí wọ́n ti ń tẹ A, B, C, D ni mò ń sọ o, ibi tí ọmọ ti ń tẹ fọ́múlà fúnra ẹ̀ ni.

Èyí tí wọ́n ń ṣe jù ni pé wọn kì í fọwọ́ kan ibi tí sọ́fúwià ti ń mú nọ́ńbà tó ń fi sípò x. Ẹ wo WeBWorK, sọ́fúwià tó ń máàkì math tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà bíi márùn-ún ló máa ń ṣà láàárín -2 sí 2, á fi sínú ìdáhùn tiyín, á fi sínú tọmọ, tí wọ́n bá ti bára mu, ọmọ ti gbà á nìyẹn. Tí ìdáhùn yín bá wá jẹ́ √(x − 10) ńkọ́? Kò sí nọ́ńbà kan níbẹ̀ tó lè wọ̀ ọ́, ló bá ní òun ò rí nọ́ńbà tó tó. Ẹ ní kó mú x láti 11 sí 15, ó parí. Numbas, sọ́fúwià míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí náà, láàárín 0 sí 1 ló ń mú tiẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá yí i, ln(x − 3) ò sì ní ìdáhùn tó jẹ́ real number níbẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le ni pé tẹ́nì kan bá ti mọ èyí tán, 1 sí 5 lá máa lò fún gbogbo ìbéèrè. Háà! Láàárín 1 sí 5, √(x²) àti x ò yàtọ̀, ln(x²) àti 2 ln x ò yàtọ̀, ọmọ tó gbàgbé |x| (absolute value) á gba máàkì ẹ̀ pé pérépéré, bẹ́ẹ̀ |x| yẹn gan-an lẹ fi ọ̀sẹ̀ yẹn kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí negative wà níbẹ̀. Àmọ́ tí ìbéèrè bá ti sọ pé x > 0, ẹ má mú negative wọlé rárá, torí ọmọ tó kọ ln x dípò ln|x| ò jẹ̀bi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọwọ́ ara yín kọ kóòdù, ẹ ṣọ́ra fún x^(1/3), ìyẹn cube root. JavaScript á fún yín ní NaN ("Not a Number", ìyẹn pé kì í ṣe nọ́ńbà) fún -8, Python á gbé complex number jáde, bẹ́ẹ̀ -2 lẹ ń retí. NaN ò sì bá NaN dọ́gba, torí náà ọmọ lè kọ ohun tẹ́ ẹ kọ gẹ́lẹ́ kó ṣì féèlì. Àwọn kan á ní àwọn á kàn yọ gbogbo NaN dànù. Tí kò bá wá ku nọ́ńbà kankan, `every` (àṣẹ JavaScript tó ń wò bóyá gbogbo ohun tó wà nínú lístì bára mu) lórí lístì tó ṣófo, true ló máa sọ, ẹni tó kọ "7" náà á gbà á.

(x² − 1)/(x − 1) àti x + 1 ńkọ́? Ní x = 1 nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀, nọ́ńbà tí wọ́n kàn ṣà ò lè sábà bọ́ síbẹ̀, STACK, sọ́fúwià míì tó ń fi Maxima (ètò tó ń ṣe algebra) wo ìdáhùn, náà á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Tó bá ṣe pàtàkì sí yín, ẹ ṣe àpótí míì síbẹ̀ kẹ́ ẹ bi wọ́n pé x wo ni kò gbọ́dọ̀ wọlé, kẹ́ ẹ fún un ní máàkì tiẹ̀. Tó bá sì jẹ́ interval (gbogbo nọ́ńbà láti ibì kan dé ibì kan) lẹ fẹ́, ẹ kọ bí wọ́n ṣe máa tẹ infinity sára ìbéèrè, kẹ́ ẹ rí i pé [1, ∞) àti (1, ∞) ò gba máàkì kan náà, torí 1 wà nínú ti àkọ́kọ́, kò sí nínú ìkejì.