Ìlà kan lórí blot kò tíì tó ẹ̀rí: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi áńtíbọ́dì wá purotéènì awọ òde bakitéríà

Ìlà dúdú kan yọ lórí Western blot (àyẹ̀wò tí a fi ń to purotéènì bí wọ́n ṣe tóbi sí, ká tó fi áńtíbọ́dì wá èyí tí a fẹ́), inú akẹ́kọ̀ọ́ dùn, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé OmpA, purotéènì kan lára awọ òde bakitéríà E. coli, rèé. Ẹ dúró ná. Ta ló jẹ́rìí sí i? Áńtíbọ́dì, ìyẹn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan àjèjì, ò mọ orúkọ. Ibi tí ìrísí rẹ̀ bá ti bá a mu ló ń lẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe gbé àyẹ̀wò yìí kalẹ̀ láìfi E. coli tí wọ́n ti yọ jíìnì ompA kúrò lára rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ní in. Bí ìlà náà bá yọ lára méjèèjì, nǹkan mìíràn lẹ rí.

Ibi tó ti ń dun èèyàn jù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ehoro, ẹranko tí a ń gún ní abẹ́rẹ́ purotéènì kó lè ṣe áńtíbọ́dì fún wa. Bakitéríà wà nínú ìfun ehoro, torí náà áńtíbọ́dì tó mọ bakitéríà lè ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ yín tó kàn án. Ẹ gba díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà pa mọ́ ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ lè fi wé ti ẹ̀yìn abẹ́rẹ́. Èyí tó tún le ni pé inú BL21, oríṣi E. coli kan tí láàbù fi ń ṣe purotéènì, ni a sábà máa ń ti ṣe purotéènì tí a fún ehoro. Bó ti wù ká fọ̀ ọ́ tó, àwọn purotéènì E. coli mìíràn á bá a wọlé, ehoro á sì ṣe áńtíbọ́dì sí gbogbo wọn. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ la tún wá gbé lọ wá nǹkan nínú E. coli! Mo ti rí blot kan tí ìlà tò lórí rẹ̀ látòkè délẹ̀ bí àkàsọ̀. A fọ́ bakitéríà tí kò ní purotéènì náà, a pò ó mọ́ omi ẹ̀jẹ̀ ehoro yẹn, a fi sínú òtútù mọ́jú, a yí i nínú centrifuge (ẹ̀rọ tó ń yí kíákíá kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀), a sì mú omi òkè lò. Ìlà kan péré ló kù, ojú ọ̀nà tó yẹ kó wà ló sì wà.

Ẹ má sì bẹ̀rù iná. OmpA ká jọ bí àgbá kékeré, SDS (èròjà bí ọṣẹ tí a fi ń tú purotéènì) nìkan kì í tú u. Bí a ò bá sè é, nǹkan bíi 28 kDa (kDa ni a fi ń wọn bí purotéènì ṣe tóbi tó) ló máa ń dúró sí. Bí a bá sè é ní 100°C fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, á gòkè sí 35. Àwọn kan á rí 28, wọ́n á ní purotéènì náà ti já. Ẹ gbé èyí tí a sè àti èyí tí a ò sè sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ìgòkè yẹn gan-an jẹ́ ẹ̀rí fún yín. Àmọ́ áńtíbọ́dì tó mọ purotéènì tó ti tú lè má mọ èyí tó ṣì ká jọ lára bakitéríà tó wà láàyè. Lára bakitéríà tí a gbà lọ́wọ́ aláìsàn, okùn ṣúgà gígùn ti LPS (èròjà ọ̀rá òun ṣúgà tó bo awọ òde bakitéríà) tún lè bo purotéènì náà mọ́lẹ̀, E. coli K-12 tí à ń lò ní láàbù kò ní okùn yẹn, òun ló ṣe ń tan èèyàn jẹ.

OmpF àti OmpC, purotéènì awọ òde E. coli méjì mìíràn, jọra gan-an, ẹ má ṣe dá orúkọ sọ wọ́n láìní bakitéríà tí a yọ jíìnì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kúrò lára rẹ̀. Ẹ kọ iye iyọ̀ inú oúnjẹ bakitéríà sílẹ̀ pẹ̀lú: bí iyọ̀ bá pọ̀, OmpF á dín kù, OmpC á pọ̀ sí i.

Bí blot bá sì funfun báláú, ẹ wò ó bóyá sodium azide (èròjà tí kì í jẹ́ kí omi áńtíbọ́dì bàjẹ́) wà nínú omi tí ẹ fi po áńtíbọ́dì, torí ó máa ń pa HRP, ẹ́ńsáìmù tó ń mú kí ìlà hàn, kí ẹ tó da áńtíbọ́dì olówó iyebíye nù.