Bẹ́ ẹ ṣe lè gbé ọta àgbá ọkọ̀ ogun sí pálọ̀ yín l'Abẹ́òkúta láìkó bá ara yín

Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ìkarahun ide nìkan ni kẹ́ ẹ máa wá, ìyẹn kóòpù tí ẹ̀tù máa ń wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn orí ọta, èyí tí wọ́n ti yìn tó ti ṣófo, orí ọta gan-an ẹ má fọwọ́ kàn án àfi tẹ́ni tó ń tà á bá fi inú ẹ̀ hàn yín, tí fúùsì, ìyẹn ohun tó ń mú ọta bú gbàmù, ti kúrò, tí ihò tí wọ́n lu sí i lára sì hàn kedere. Ẹ rántí nǹkan tí ọta inú bárékè Ìkẹjà fojú Èkó rí ní January 2002. Tí onírin àlòkù bá gbé èyí tó ti dípẹtà wá, tí orí ẹ̀ ṣì dì pa, ẹ má gbé e sọ́kọ̀, ẹ má fi iná wẹ́dà kàn án, ẹ sún sẹ́yìn kẹ́ ẹ pe ọlọ́pàá. Kódà òfìfo, tó bá jẹ́ òkè òkun lẹ fẹ́ ti rà á, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní Eléwéérán, olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ògùn, kọ́sítọ́ọ̀mù ò kì í bá èèyàn ṣeré.

Ìsàlẹ̀ ìdí ìkarahun náà ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ ìwọ̀n àti ọdún sí, ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní àmì orí ọfà, ti néfì Amẹ́ríkà máa ń ní ìdákọ̀ró. Ẹ mú tépù dání: ìkarahun Bofors 40 mm, ìyẹn àgbá tí wọ́n fi ń já bàálù, tí wọ́n lò nígbà ogun àgbáyé kejì gùn tó 311 mm. Ṣùgbọ́n sójà orí ilẹ̀ náà lo Bofors o, torí náà tí kò bá sí àmì néfì nídìí ẹ̀, ẹ má san owó ọkọ̀ ogun. Ẹni tó bá sì ní ide tòun wà lára èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bá Kòsọ́kọ́ ọba Èkó jà ní 1851, irọ́ ló ń pa, ẹnu àgbá ni wọ́n ń ki ẹ̀tù àtọta sí nígbà yẹn, kò sí ìkarahun ide kankan.

Fífọ̀ ńkọ́? Ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń fọ ide láyé àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ẹ ṣàn án kíá, tó bá pẹ́ lára ẹ̀ á máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, torí síńkì inú ide ló ń jẹ kúrò. Sànpépà, rárá, àmì ìdí ẹ̀ lẹ máa pa rẹ́. Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ èyí tó ń dán yanran, kó dúdú díẹ̀ ló dáa lójú mi. Ẹ fi wáàsì mọ́tò ra á fẹ́ẹ́rẹ́ nítorí ọ̀rinrin òjò, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ gbá a mú, òógùn ọwọ́ máa ń hàn lára ide.

Orí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi igi apá yí i, kó fi bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká nísàlẹ̀, torí lára ọta gidi, bàbà yẹn ló ń há mọ́ ilà yíyí tí wọ́n fín sínú àgbá, tí ọta fi ń yí bó ṣe ń lọ. Ẹ wá kọ ìwọ̀n àti ọdún sí páálí kékeré kan níwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé igi lorí yìí, kí àlejò má bàa sá jáde.