Bí a ṣe ń dán sẹ́ńsọ̀ SiPM wò kí ó tó wọ inú argon olómi

Táńkì ProtoDUNE, ẹ̀rọ ìdánwò fún wíwá neutrino (ẹyọ ọ̀rínrín kan tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ) tó wà ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, gba nǹkan bíi 770 tọ́ọ̀nù argon olómi. Tí wọ́n bá ti rọ ọ́ kún tán, kò sẹ́ni tó lè kiwọ́ bọ inú rẹ̀ láti pààrọ̀ SiPM, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń rí ìmọ́lẹ̀, tó bá kú. Ìta la ti ń mọ èyí tó dáa.

Nàìtírójìn olómi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò wọ́n tó argon, ó sì tún tutù jù ú lọ, 77 K (Kelvin) sí 87 K. Àmọ́ lítà kan rẹ̀ ń di nǹkan bíi 700 lítà gáàsì tí kò ní òórùn. Ẹ gbé mítà ọ́síjìn sí tòsí. Tó bá ti sọ̀kalẹ̀ kọjá 19.5%, ẹ jáde.

Ẹ gbé SiPM sínú àpótí tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀. Kí ẹ tó mú un tutù, ẹ máa fi fóltì kún un ní 0.1 V, 0.1 V, kí ẹ sì máa kọ kọ́rẹ́ńtì sílẹ̀. Ní SiPM Hamamatsu S13360, nǹkan bíi 53 V ni kọ́rẹ́ńtì ti máa ń fò sókè. Ẹ wá sọ ọ́ kalẹ̀ sínú nàìtírójìn olómi díẹ̀díẹ̀, kí ó kọ́kọ́ rọ̀ lókè omi náà fúngbà díẹ̀, torí ìtutù òjijì lè sán ike ojú rẹ̀. Tí híhó bá ti dáwọ́ dúró lára pátákó rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n: nǹkan bíi 42 V ló máa bọ́ sí. Ẹni tó bá gbàgbé 56 V tó ń lò kí ó tó tutù sórí rẹ̀ ti fi 14 V lé e láṣejù, ariwo nìkan ló máa rí.

Ẹ wá tan iná LED búlúù tó ṣe bàìbàì sí i láti inú okùn fáíbà. Lórí àwòrán ìṣirò, òkìtì fún fótónì (ẹyọ ìmọ́lẹ̀) kan, méjì, mẹ́ta gbọ́dọ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí wọ́n bá dàpọ̀, ẹ wo wáyà ẹ́ẹ̀tì àti àwọn kapásítọ̀ kí ẹ tó bú sẹ́ńsọ̀. Kapásítọ̀ irú X7R ń pàdánù agbára púpọ̀ nínú òtútù, irú C0G ni kí ẹ lò.

Nínú òkùnkùn, àmì iná tí sẹ́ńsọ̀ ń gbé jáde láìsí fótónì nídìí kò yẹ kó ju ẹyọ kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá fún mm² kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ pa iná yàrá. Tó bá dínkù, àpótí yín ló ń jò.

Inú gáàsì nàìtírójìn ni kó ti móoru padà, kí ìrì má baà sẹ̀ sí i lára. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó wá ku argon. Ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nanomita 128, ojú ò lè rí i, torí náà ẹ fi kẹ́míkà TPB kun iwájú sẹ́ńsọ̀ kó lè sọ ọ́ di búlúù. Ẹ gbé Am-241 sí i, ohun tó ń tú ìtànṣán alfa jáde, kí argon lè tan ìmọ́lẹ̀. Apá ìmọ́lẹ̀ tó ń pẹ́ jáde gbọ́dọ̀ tó máíkírósẹ́kọ̀ńdì 1.3. Tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nàìtírójìn tàbí ọ́síjìn ló ti wọ argon yín: ẹ dà á nù, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ inú ìkòkò náà jáde dáadáa kí ẹ tó rọ òmíràn sí i.