MIC Aspergillus kò dúró sójú kan: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Aspergillus fumigatus (fọ́ńgọ́ọ̀sì kan) kan náà la fi voriconazole, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ azole, dán wò lẹ́ẹ̀mejì nínú àwo oníhò 96, ìlànà M38 ti CLSI (àjọ tó ń ṣe ìlànà iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò) la tẹ̀ lé. MIC (ìwọ̀n oògùn tó kéré jù lọ tí kò jẹ́ kí fọ́ńgọ́ọ̀sì hù) kọ́kọ́ jẹ́ 0.5 µg/mL, nígbà kejì ó di 4. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gba ìkankan, ẹ má sì tíì kọ̀wé sí dókítà pé oògùn kò ká a. Tí èsì bá fi ihò kan sún síwájú tàbí sẹ́yìn, kò burú. Tiyín fi ihò mẹ́ta sún. Omi sípóò (irúgbìn wíńníwínní tí fọ́ńgọ́ọ̀sì fi ń gbilẹ̀) ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́: tí sípóò bá pọ̀ jù, MIC àwọn azole á ga.

Ẹ lo fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ti wà lórí potato dextrose agar fún ọjọ́ 7 ní 35°C. Ẹ da mílílítà kan saline (omi iyọ̀) 0.85% tó ní ẹ̀kán Tween 20 (èròjà bí ọṣẹ) kan lé e lórí. Láìsí Tween, ńṣe ni sípóò á léfòó, tí á sì ṣù jọ. Ẹ fọwọ́ fúyẹ́ fi pìpẹ́ẹ̀tì gbá a. Ẹni tó bá ha á gidigidi á kó fọ́nrán ara fọ́ńgọ́ọ̀sì mọ́ sípóò, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kò sì mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, ẹ fa omi òkè nìkan, ẹ fi vortex pò ó fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Ẹ fi ẹ̀rọ yẹn wò ó ní 530 nm, kí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí omi náà dí wà láàárín 0.09 sí 0.13. Lẹ́yìn náà, ẹ da 0.1 mL rẹ̀ sínú RPMI (omi oúnjẹ tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń hù nínú rẹ̀) 4.9 mL. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ààbò ni kí ẹ ti ṣe gbogbo rẹ̀, torí sípóò yìí ń fò wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ fi 10 µL omi RPMI yẹn sínú saline 990 µL, kí ẹ tẹ́ 100 µL rẹ̀ sórí Sabouraud agar. Ó yẹ kí ojú ibi tó hù wà láàárín 8 sí 100. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ da èsì náà nù.

Tí iye sípóò bá péye, tí 4 sì tún jáde ní wákàtí 48, ẹ gbà á: láti 2 lọ sókè, CLSI kà á sí pé voriconazole kò ká a. Ẹ wá ní kí wọ́n yẹ jíìnì cyp51A, tó ń ṣe ohun tí azole ń kọlù, wò. Ẹ má sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ torí pé aláìsàn kò lo azole rí. Oògùn azole tí wọ́n ń fọ́n sí ohun ọ̀gbìn ti bí irú tí jíìnì yẹn ti yí padà (TR34/L98H), tí azole kò ká, sínú ilẹ̀ oko.

Ìbéèrè: Caspofungin, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn, ńkọ́? Gbogbo ihò ló hù.

Ìdáhùn: Yóò hù. Caspofungin kì í jẹ́ kí ihò Aspergillus mọ́ gaara. Ní wákàtí 24, ẹ fi wé ihò tí kò ní oògùn: ìwọ̀n oògùn tó kéré jù lọ tí fọ́nrán ti kúrú, tó ṣù roboto, ni MEC. Òun ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe MIC.

Ìbéèrè: Itraconazole wa (azole mìíràn) ń dà bí omi ògì nínú RPMI.

Ìdáhùn: Ẹ ti tètè da omi sí i. Inú DMSO (omi tí a fi ń yọ́ oògùn) ni kí ẹ ti ṣe gbogbo ìdínkù rẹ̀, ní ìlọ́po 100 (1600 µg/mL fún ihò tó máa ní 16 µg/mL), kó tó wọ RPMI.